Seed Award ti Prince Claus: ṣé ó tó kí oníṣẹ́ ọnà Ìkòròdú jókòó ti fọ́ọ̀mù rẹ̀?

Ó tó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ kó kọ ọ́, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó sì yẹ ló ń fìdí rẹmi níbi tí kò le rárá.

Prince Claus Fund ni àjọ tó ń fúnni lówó yìí. Amsterdam ni ibùjókòó wọn, ọdún 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ ọkọ Ọbabìnrin Beatrix ti ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n fi sọ ọ́. Láti 2021 ni wọ́n ti ń pín Seed Award: 100 ènìyàn lọ́dún, 5,000 yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fún àwọn tó wà ní Áfíríkà, Éṣíà, Látìn Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù Karíbíà àti Ìlà Oòrùn Yúróòpù. Ẹni tí wọ́n ń wá ni oníṣẹ́ ọnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, tó ti fi ọdún kan sí márùn-ún ṣiṣẹ́ náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń kan ọ̀rọ̀ tó ń jó àwùjọ rẹ̀ lára. Ayàwòrán, òṣèré, oníjó, afọ́tò, akéwì, ẹni tó ń fi àlòkù ṣe ère: kò sí èyí tí wọn ò gbà.

Ohun tó mú kí owó yìí yàtọ̀ ni pé wọn ò so ó mọ́ iṣẹ́ kan pàtó. Ẹni tó bá ti kọ ìwé sí àwọn àjọ mìíràn rí mọ ohun tí a ń sọ: ètò oṣù mẹ́fà, ìnáwó láti orí bírọ́ọ̀ṣì dórí omi inú ọ̀rá, iye ènìyàn tí iṣẹ́ máa “kàn”, rìsíìtì, ìròyìn ìdajì ọ̀nà, ìròyìn ìparí. Níbi tí ìyá tó ń ta ẹja kì í ti í já rìsíìtì fún ẹnikẹ́ni, owó bẹ́ẹ̀ máa ń sọ oníṣẹ́ ọnà di akọ̀wé. Seed Award gbé gbogbo ìyẹn kúrò. Ẹni tí ẹ jẹ́ àti bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ti fún yín, ẹ lè fi san owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè fi ra kámẹ́rà, ẹ lè fi lọ kọ́ iṣẹ́ sí i. Nínú gbogbo ohun tó dára nínú ètò yìí, èyí la fi ṣáájú.

Ibi kan náà yẹn ló sì ti ń tàn wá jẹ. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ò ti béèrè iṣẹ́ pàtó, ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé kó sọ ọ̀rọ̀ ńláńlá nìkan ló kù. Wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ń fi iṣẹ́ ọnà “yí àwùjọ padà”, pé àwọn ń “fún ọ̀dọ́ lágbára”, pé àwọn jẹ́ “ohùn àwọn tí kò ní ohùn”. Adájọ́ tó ti ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ kò ní rí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kò mọ Ìkòròdú. Kò mọ̀ pé àwọn tó ń wa yanrìn ní Májídùn ń fi ìyẹn jẹun, pé apẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ń ráhùn pé àwọ̀n òun ń ya, omi ń dàrú, ẹja ń sá. Kò mọ ẹ̀rọ iná mànàmáná Ẹgbìn tó wà ní etí ọ̀sà, tí agbára rẹ̀ tó 1,320 mẹ́gáwáàtì, tí àwọn ìletò tó yí i ká sì ń sun òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fún un, pẹ̀lú orúkọ ibi, kí ẹ sì sọ ohun tí iṣẹ́ yín ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, àbá lásán ni o. Ẹgbẹ́ òṣèré kan lọ sí Májídùn, wọ́n ṣe eré oníbèéèrè, irú èyí tí Augusto Boal ará Bùràsíìlì gbé kalẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979: eré á dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti di kókó, wọ́n á dá a dúró, ẹni tó ń wòran á bọ́ sójú agbo, á gba ipò òṣèré, á fi ohun tí òun ì bá ṣe hàn. Bí ẹgbẹ́ yìí bá kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé “a ṣe eré lórí wíwa yanrìn, ènìyàn púpọ̀ wá”, wọ́n ti pàdánù. Ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ ni ta ló dìde, kí ló sọ, ibo ni eré yà sí lẹ́yìn tó sọ ọ́. Bóyá ìyá kan ló gba ipò baálẹ̀, ó ní òun kò ní lé awa-yanrìn, òun á pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láàárín wọn àti apẹja, ariwo sì sọ. Ìlà méjì péré nìyẹn, àmọ́ ìlà méjì náà á gbé gbogbo ìyókù dìde.

Pọtifólíò, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, ni ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni àwọn ará ibí ti ń kùnà jù. Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọn ò dára. Ohun tó dára níbẹ̀ ni kò sí nínú fọ́tò. Ayàwòrán ara ògiri á fi fọ́tò ògiri tó ti parí ránṣẹ́, mẹ́wàá tó jọra wọn, kò sì sí ènìyàn kan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ní í ṣe pẹ̀lú àwùjọ, bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni ẹ máa fi hàn: àwọn ọmọ tó ń da ọ̀dà pọ̀, ìjókòó tí ẹ ti bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà lára ògiri, àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ̀, àti èyí tí ẹ wá yà nítorí pé wọ́n kọ̀ ọ́. Tí ìpè ọdún náà kò bá sọ iye, fọ́tò mẹ́jọ sí méjìlá tó. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, àdúgbò, ohun tó ń ṣẹlẹ̀, iye àwọn tó kópa, àti iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe nínú rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe kókó fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ́. Tí adájọ́ kò bá mọ̀ bóyá olùdarí ni yín tàbí ẹni tó gbé iná dání, á fo yín.

Ẹ má jẹ́ kí fídíò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ibi tó dùn jù ni kó sì ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ tó ń yí lórí ilẹ̀ dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá ogún. Bí wọ́n bá ń sọ Yorùbá nínú rẹ̀, ẹ kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ìdánwò kan wà tó yẹ kí gbogbo ènìyàn ṣe kó tó fi ránṣẹ́: ẹ ṣí líǹkì iṣẹ́ yín lórí fóònù ẹlòmíràn tí ímeèlì yín kò sí lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fáìlì Google Drive ló ń bi àlejò pé kó tọrọ àyè kó tó wọlé, kò sì sí adájọ́ tó máa dúró tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá kó iṣẹ́ yín sínú PDF, ẹ fún un mọ́lẹ̀ kó má wúwo ju ohun tí fọ́ọ̀mù gbà lọ. Fọ́tò tí ẹ fà jáde látinú WhatsApp kì í mọ́lẹ̀ mọ́. Ojúlówó tó wà nínú kámẹ́rà tàbí fóònù tí wọ́n fi yà á ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tún wà níbẹ̀. Bí ojú ọmọ bá hàn nínú fọ́tò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ohùn tí ẹ gbà sórí fóònù náà ṣe é lò, bí òbí bá dárúkọ ara rẹ̀ tó sì sọ pé òun gbà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì máa ń yọ ènìyàn nínú wàhálà ọdún méjì.

Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ fọ́ọ̀mù, a ò sì lè gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn. Àjọ tó ń wá ẹni tó ń bá àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ń fi èdè òkèèrè dá ẹni tó máa wọlé mọ̀. Ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yín, ẹ tan ohùn fóònù, kí ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé fún un ohun tí ẹ ń ṣe àti ìdí rẹ̀. Kó máa da ìbéèrè bò yín. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀, kí ẹ wá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, gbólóhùn kúkurú. Ohun tó bá jáde á yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun kọ ọ́, nítorí pé ìwé tí kọ̀ǹpútà kọ ti ń jọra wọn báyìí débi pé ẹni tó ń kà á á dá a mọ̀ ní ìlà kejì.

Ní ti ọdún iṣẹ́, ẹ ṣọ́ra. Ọdún kan sí márùn-ún kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹni ogójì ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí télọ̀ bọ́ sídìí ère ṣíṣe lè wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti ń ṣeré láti kékeré sì lè bọ́ síta. Bí sííví yín bá ní àfihàn kan ní 2012, omíràn ní 2014, tí ẹ wá sọ pé ọdún kẹta yín rèé, ẹ ti tú ara yín fó. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, kó fi èyí sílẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Fún àwọn àgbà nídìí iṣẹ́, àjọ náà ní Impact Award, 35,000 yúrò fún ènìyàn mẹ́fà, ọdún méjì-méjì, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń fa ènìyàn kalẹ̀ fún ìyẹn. Láàárín méjèèjì ni ètò ìtọ́sọ́nà wọn wà, èyí tí wọ́n ń bá àwọn àjọ mìíràn bíi Goethe-Institut ṣe, ènìyàn méjìlá, 10,000 yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn olùtọ́ni fún ọdún kan. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kan omi, igbó tàbí èéfín, irú èéfín bátìrì tí wọ́n ń yọ́ ní Ògíjó létí ibí, kó máa ṣọ́ ìpè tó dá lórí àyíká.

Ìṣòro tó kàn ni àkókò. Amsterdam àti Ìkòròdú ń lo aago kan náà nígbà òtútù wọn. Láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Bí wọ́n bá ní agogo 23:59 ti Amsterdam ni ìlẹ̀kùn á tì nínú oṣù Kẹrin, 22:59 ni tiwa. Ẹni tó bá dúró di mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, tí NẸ́PÀ wá mú iná lọ, tí Wi-Fi kú pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí a bá sọ lẹ́yìn ìyẹn kò wúlò. Ẹ kọ gbogbo ìdáhùn sí ibòmíràn kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọjọ́ kì í dọ́gba lọ́dọọdún. Orí ìkànnì àjọ náà ni kí ẹ ti wò ó, ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí àwọn orílẹ̀-èdè tó lè kọ ọ́ ní ọdún náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri WhatsApp.

Ó wá ku owó fúnra rẹ̀. Yúrò ló ń bọ̀, nítorí náà ẹ ṣí àkáǹtì dọ́mù (àkáǹtì owó òkèèrè) ti yúrò ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Dọ́mù ti dọ́là kò ní ṣe é, tàbí kí báǹkì pààrọ̀ rẹ̀ ní iye tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Àwọn báǹkì mìíràn máa ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, rírí wọn sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Orúkọ ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Orúkọ tí ẹ fi ń ṣeré lè wà lára ẹ̀bùn náà, àmọ́ èyí tó wà lórí BVN, NIN àti àkáǹtì gbọ́dọ̀ bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. “Olúwaṣeun” níbì kan, “Seun” níbòmíràn, owó á rìn dé ìdajì ọ̀nà, á sì padà. Báǹkì lè béèrè ibi tí owó ti wá. Ìwé ẹ̀bùn náà ni kí ẹ fi hàn wọ́n. Báǹkì tó wà láàárín náà máa ń yọ tirẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ìṣirò 5,000 géérégé.

Àbùkù tó dun ni jù nínú ètò yìí nìyí: iye kan náà ni fún gbogbo ènìyàn, ẹ̀ẹ̀kan sì ni. Afọ́tò tó dá ṣiṣẹ́ lè fi 5,000 yúrò gbéra. Ẹgbẹ́ òṣèré ènìyàn mẹ́wàá, owó ọkọ̀ láti Agric dé Ìjẹ̀dẹ̀, oúnjẹ ìdánrawò, ẹ̀rọ ohùn àti epo jẹnẹrétọ̀ á jẹ ẹ́ tán kí àwọn tó ń wòran tó jókòó. Orúkọ ẹnì kan ni owó náà sì fi ń wọ àkáǹtì. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń tú. Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: bí owó bá wọlé, mélòó ni ti ẹni tó kọ ọ́, mélòó ni ti iṣẹ́, ta ló ní àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n bá rà. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ nígbà tí àpò ṣófo ni.

Ní Ìkòròdú, ìnáwó kan wà tí àwọn ará òkèèrè kò ní í mọ̀ láé. Ẹ ò lè kàn gbé ìlù sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté kí ẹ máa lù. Baálẹ̀ àdúgbò, alága CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), àwọn ọmọ àdúgbò tó máa béèrè tiwọn: ẹ lọ bá wọn ṣáájú, pẹ̀lú lẹ́tà àti ohun tí ọwọ́ yín bá ká. Ẹ béèrè ọjọ́ Orò kí ẹ tó mú ọjọ́, nítorí pé obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà, eré tó sì sọ pé òun ń bá àwọn obìnrin ọjà sọ̀rọ̀ kò lè bọ́ sí ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́wàá owó ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún gbogbo èyí. Tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ dúpẹ́.

Ẹ̀bùn kò sì lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Jelili Atiku, oníṣẹ́ ọnà tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgboro Èjìgbò ní Èkó níbí, gba Prince Claus Award ní 2015. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ọlọ́pàá mú un nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní ojú títì àdúgbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó fagi lé ẹ̀sùn náà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń kan aláṣẹ, kó ní nọ́ńbà lọ́yà lọ́wọ́, kó sì fi ẹ̀dà gbogbo fáìlì rẹ̀ pamọ́ sí ibi méjì.

Ẹ fi wé ohun tó wà nílé. Owó LSETF (Lagos State Employment Trust Fund) ti ìjọba Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, yíyá ló ń yáni, ẹ máa dá a padà pẹ̀lú èlé. Ó dára fún ẹni tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò dára fún ẹni tó ń ṣe eré ọ̀fẹ́ ní etí ọ̀sà. Ìdíje àwọn ilé àfihàn Victoria Island ń wo iṣẹ́ tó ti parí, tó ṣe é gbé kọ́ ara ògiri. Afọ́tò tó fi ọdún méjì bá àwọn apẹja Bayékù jókòó, tó kọ́ àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò, kò rí ibi tó yẹ ẹ́ níbẹ̀. Seed Award ni tirẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, tàbí kí ẹ yọ ìdá ogún fún “aṣojú” tó máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.